Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Ẹ̀bìtì là ń pè é, nítorí bó ṣe ń ṣubú.
Adégòróyè lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Kúdẹtì,
ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n? Akọ̀wé báǹkì gan-an
kọ Ẹ̀bìtì sínú ìwé rẹ̀, ó sì tún fi gègé pa á rẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, bí agogo mẹ́jọ bá ti lù,
àdúgbò wa ní Ìdí-Arẹrẹ a dà sí pálọ̀ Alájì Bùsàrí,
ọmọdé nílẹ̀, àgbà lórí àga,
àwọn tó pẹ́ dé a yọjú lójú fèrèsé,
ká lè wo ọkùnrin kan tí yóò ṣubú lórí àga,
tí yóò dìde, tí yóò bẹ àga náà,
tí yóò tún ṣubú.

Èmi ni mo ń gbé àpótí rẹ̀.
Irùngbọ̀n mẹ́ta, góòmù nínú ìgò,
fìlà kan tó ti gba ẹ̀rín ju orí lọ.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Owó ọkọ̀ Agodi lowó iṣẹ́ mi,
mo sì máa ń fẹsẹ̀ rìn, kí n lè fi ra gúgúrú.

Òyìnbó ará Skọ́tíláǹdì kan wà níbẹ̀ tó ń darí kámẹ́rà,
Mákíntáyà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn.
Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, níbi tí òjò kì í ti í dá,
aláwàdà tó bá pé àádọ́ta ọdún ni wọ́n ń gbé ẹkún fún,
torí ẹni tó mọ ilé ẹ̀rín
ti gba ẹnu ọ̀nà ẹkún kọjá ná.
Ẹ̀bìtì ní, “Ọ̀gá, n ò tíì pé àádọ́ta.”
Ọdún méjì ló fi lé.

Lẹ́yìn tí Ògùnpa kún, tó gbé ilé, tó gbé èèyàn,
wọ́n ń ya fíìmù bàbá kan tó ń wá ọmọ rẹ̀.
Bàtà ọmọ náà sọnù láàárín ẹrù eré.
Ẹ̀bìtì wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Bọ́ tòsì.”
Ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ọ̀kan nílẹ̀, ni mo fi délé.
Ìyá mi nà mí. Ó ní, “Ẹ̀bìtì tí ò peèlírí,
ṣebí ńṣe ni kó fi ẹyìn fẹ́lẹ́yìn.”
Lọ́la, lọ́la. Kò dá a padà.

Gbọ̀ngàn Òkè-Pádì, aṣọ funfun lára ògiri.
Bí ojú rẹ̀ ṣe hàn báyìí, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.
Kò tíì sọ̀rọ̀ o! Ìrìn lásán ló ń rìn nínú ẹrẹ̀,
a ń retí kó ṣubú.
Kò ṣubú.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà kan yọ,
ó da omi inú rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé omi lè dun bàtà,
ó fi etí ẹ̀wù nù ún,
ó gbé e sí imú,
ó fi í sápò, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.
Ẹ̀rín ń kú láti iwájú bọ̀ lẹ́yìn, ìjókòó dé ìjókòó.
Ìyá kan ní, “Ẹ dákẹ́ jàre. Ọmọ rẹ̀ ló ń wá.”
Ó ku ọmọkùnrin kan lẹ́yìn tó ṣì ń rẹ́rìn-ín.
Èmi ni. Mo mọ bàtà yẹn.

Fíìmù náà ò pa owó. Ó padà sórí àga rẹ̀ ní Sátidé,
ó ń ṣubú,
ṣùgbọ́n àwọn èèyàn a kọ́kọ́ dákẹ́ fírí
kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, bí ẹni ń wò ó bóyá yóò dìde.
Ó ní ìdákẹ́ yẹn lowó iṣẹ́ òun.
Onílé rẹ̀ ò gba irú owó bẹ́ẹ̀.

Ní Adéọ̀yọ́, nígbà tó ku díẹ̀, nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́,
ó díbọ́n pé òun ti kú. Nọ́ọ̀sì figbe ta.
Ó la ojú kan. Wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún rò pé àwàdà ni.

Ọmọ rẹ̀, Moróunkẹ́jì, gbé àpótí náà wá fún mi.
Irùngbọ̀n méjì; kòkòrò ti jẹ ẹ̀kẹta.
Lábẹ́ fìlà, bàtà ẹsẹ̀ òsì,
ẹrẹ̀ ṣì wà lójú ìdè rẹ̀.
Mo gbìyànjú àtiwọ̀ ọ́. Ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló gbà.
Mo gbé e sí imú.
Òórùn góòmù ni.